Ẹ̀yìn Káàdì ni Ọ̀rọ̀ Wà: Iṣẹ́ Mi nínú Ilé Ìkàwé

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gba yàrá lọ́wọ́ wa ní Òkèrèwè, nílùú Ifẹ̀, máa ń bi mí pé, kí ni èèyàn ń ṣe nínú ilé ìkàwé fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún? Wọ́n rò pé ńṣe la kàn ń jókòó, tí à ń wo àwọn èèyàn lójú kí wọ́n má baà sọ̀rọ̀. Èmi Títílayọ̀, tí ìyá mi máa ń sọ pé ẹnu mi kì í sinmi, ṣé èmi ni n ó dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Iṣẹ́ tó dùn jù láyé ni mo ṣe, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ báyìí ń mú kí ó wù mí láti tún padà di ọmọ ogún ọdún.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò ní ìtàn gígùn. Mo jáde níléèwé girama, wọ́n ń wá akọ̀wé, mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n gbà mí. Owó oṣù àkọ́kọ́ ra bàtà kan fún mi àti ẹja díẹ̀ fún ìyá mi. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ká wá sọ̀rọ̀ ọ̀gá mi, nítorí ẹni tó kọ́ èèyàn níṣẹ́ ló fún un níṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà.

Bàbá Fáníyì ni wọ́n ń pè é. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ funfun kì í bọ́ lọ́rùn rẹ̀, pẹ́ńsù kì í sì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n kọ ohunkóhun. Kí n fọ ọwọ́, kí n nù ún gbẹ, kí n yọ ìwé kan lórí pẹpẹ, kí n ṣí i, kí n wo ojú ewé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, kí n dá a padà. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Mo lọ sunkún fún ìyá mi pé wọ́n gbà mí ní akọ̀wé, wọ́n sọ mí di ẹni tó ń nu eruku. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà lọ fọ ọwọ́ mi.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó dé bá mi lẹ́yìn náà, ó yẹ kí ẹ mọ káàdì. Láyé ìgbà yẹn, ìwé kọ̀ọ̀kan ní páálí pélébé kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́ àti ibi tó wà lórí pẹpẹ, gbogbo rẹ̀ wà níwájú káàdì náà, a sì tò wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ kéékèèké. Ẹni tó bá ń wá ìwé, káàdì ló máa kọ́kọ́ wò. Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá Fáníyì ní lórí rẹ̀: "Ohun tí ojú rẹ kò bá rí, ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kọ ọ́."

Mo rú òfin náà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń ta ìwé fún wa fi orúkọ àwọn ìwé tó ń bọ̀ ránṣẹ́, mo sì kánjú kọ káàdì fún gbogbo wọn kí ẹrù tó dé, kí ọ̀gá lè yìn mí. Ìwé kan nínú wọn kò dé rárá. Olùkọ́ kan láti Òkè-Ogbò rí káàdì rẹ̀, ó wá ìwé náà títí di ọ̀sán, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì nínú òjò. Nígbà tí Bàbá Fáníyì gbọ́, kò bú mi. Ó ní kí n wọ bàtà mi, kí n rìn lọ sí iléèwé tí olùkọ́ náà ti ń kọ́ni, kí n sọ fún un lójúkojú pé mo purọ́ fún un. Mo ní mi ò purọ́, sà, àṣìṣe ni. Ó ní ẹni tó rìn nínú òjò kò mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Mo rìn lọ, mo sì bẹ olùkọ́ náà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Iwájú káàdì nìyẹn o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti Bàbá Fáníyì gan-an. Yàrá kan wà lọ́dọ̀ wa tí a ti ń tọ́jú ìwé àfọwọ́kọ tí àwọn agbo ilé Ifẹ̀ kó fún wa: ìtàn ìdílé, oríkì, lẹ́tà àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà sọ tí ọmọ rẹ̀ kọ sílẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n kàn jù sílẹ̀ fún wa. Bàbá Fáníyì fúnra rẹ̀ máa ń lọ jókòó nínú ilé wọn, yóò jẹ obì wọn, yóò gbọ́ àdéhùn wọn, yóò sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì. Ilé kan á ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ilé kejì á ní ọmọ ilé nìkan. Ti ilé Màmá Àdùkẹ́, tí kò jìnnà sí tiwa ní Òkèrèwè, yàtọ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé kóòtù, ó sì ti kọ ìtàn ilé wọn sínú ìwé nóòtù kan. Wọ́n ní a lè fi han àlejò, ṣùgbọ́n ọmọ ilé kan gbọdọ̀ jókòó tì í, kí ó má baà ka apá kan kí ó fi apá kan sílẹ̀.

Bàbá Fáníyì fẹ̀yìn tì, wọ́n fi mí sí ipò rẹ̀. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jó. Àwọn kan nínú wa ń sá fún un, èmi ń nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ yẹ dúrọ́ọ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó wá tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí ìwé ogún yọjú, ṣé kò ní í jó?

A bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ orí káàdì kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bi mí pé kí ni ká ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì, nítorí kọ̀ǹpútà kò ní àyè fún un. Mo ní kó fi sílẹ̀, iwájú ló ṣe pàtàkì. Mo ń kánjú. Mo fẹ́ kí a parí ṣáájú àwọn ilé ìkàwé yòókù. Nígbà tí a parí, mo ní kí wọ́n kó àwọn káàdì náà dànù kí àyè lè gbà wá. Àwọn tíṣà kó díẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ láti fi kọ́ ìṣirò. Ìyókù ni a sun lẹ́yìn ilé. Mo dúró, mo ń wo èéfín rẹ̀, inú mi sì ń dùn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wá béèrè ìwé nóòtù ilé Màmá Àdùkẹ́. Kọ̀ǹpútà kò sọ pé àdéhùn kankan wà, nítorí náà a gbé e fún un. Ó da ojú ewé kan kọ, ó sì lọ kà á lórí rédíò: pé bàbá bàbá wọn kì í ṣe ọmọ bíbí ilé náà, pé àlejò ni, ogun ló gbé e dé. Òótọ́ ni o, ṣùgbọ́n òótọ́ ojú ewé kan ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹbí fẹ́ fi àbúrò Màmá Àdùkẹ́ jẹ olórí ẹbí. Ẹnìkan dìde ní ìpàdé, ó ní àlejò kì í ṣe olórí onílé. Wọ́n fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́.

Màmá Àdùkẹ́ wá sí ilé ìkàwé. Kò pariwo. Ó bi mí pé àdéhùn tí Bàbá Fáníyì bá wọn ṣe dà. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́. Mo ní n kò rí i kọ sílẹ̀ níbì kankan. Òótọ́ ni, n kò rí i, nítorí mo ti sun ún. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo èèyàn ti gbà pé Bàbá Fáníyì ló gbàgbé láti kọ ọ́, bàbá tí kò gbàgbé ohunkóhun rí. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀ nílé tó fẹ̀yìn tì sí. Kò wá bi mí léèrè. Ó kú láìbi mí, èmi náà kò sì sọ.

Mo fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ìyìn àti aago ògiri kan. Mo rò pé ó parí. Àfi bí Bùkọ́lá ṣe pè mí lórí fóònù. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, òun sì ni ọ̀gá ilé ìkàwé náà báyìí. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, kí n wá bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ ọgbọ́n àtọwọ́dá wò, ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní AI, kí a lè mọ̀ bóyá kí a gbà á tàbí kí a má gbà á. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti ń wá bàtà mi.

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé ni ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ náà rán wá. Ó gbé lẹ́tà àtijọ́ kan síwájú kámẹ́rà, lẹ́tà tí tàdáwà rẹ̀ ti ṣá, tí èmi gan-an kò rí kà rí. Kí n tó mí, ẹ̀rọ náà ti to gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, kedere. Mo dìde lórí àga, mo pàtẹ́wọ́. Mo ronú nípa gbogbo ìwé tó wà nínú yàrá wa tí ẹnikẹ́ni kò ní sùúrù láti kà, omi sì bọ́ lójú mi.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè. Ìwé wo ló wà níbí lórí ìtàn Ẹnuwá, gbàgede iwájú ààfin? Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ka ìwé mẹ́ta, orúkọ àwọn tó kọ wọ́n àti nọ́ńbà pẹpẹ. Bùkọ́lá lọ wò. Ọ̀kan wà níbẹ̀. Èkejì wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oko kòkó ló dá lé. Ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni kò kọ irú rẹ̀ rí láyé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi rántí ọ̀nà Òkè-Ogbò. Kúnlé kò jiyàn, mo sì fẹ́ràn ìyẹn lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà kò mọ òótọ́ bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ló ń tò, bí kò bá sì rí ohun tí a ń wá, ó lè to èyí tó jọ ọ́. Mo ní ó yé mi: ó láṣọ bí àgbà, kò ní àkísà bí àgbà.

Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù rárá. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ohun tó yẹ ni kí a mọ ibi tí ẹmọ wà kí a tó bù ú fún àlejò. Èmi àti Bùkọ́lá fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó, a kọ àwọn ìbéèrè tí a ti fi ojú ara wa rí ìdáhùn wọn nínú ìwé. A fi àwọn tí kò ní ìdáhùn níbẹ̀ kún un, kí a lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà yóò gbà pé òun kò mọ̀. Mo fi Yorùbá tó ní àmì ohùn bi í, mo fi èyí tí kò ní àmì, irú tí àwọn ọmọ ń tẹ̀ lórí fóònù, bi í. Mo wá fi Ifẹ̀ bi í, bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé. Ibẹ̀ ni ó ti ṣubú. Ó ń dáhùn ohun tí n kò béèrè, mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.

Gbogbo ìdáhùn la kọ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí pẹpẹ. Kúnlé kó o lọ, wọ́n tún un ṣe, ó gbé e padà wá, a tún bi í. A ní bí kò bá lè tọ́ka sí ìwé tí ọwọ́ èèyàn lè gbé, kí ó sọ pé òun kò mọ̀. A ní kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i pé wọn kò ní í tọ́jú ìbéèrè àwọn òǹkàwé, nítorí ohun tí èèyàn ń wá nínú ìwé, àṣírí rẹ̀ ni. Kúnlé ní òun kò tíì rí oníbàárà tó fún òun níṣẹ́ àṣetiléwá tó báyìí rí. Inú mi dùn débi pé n kì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú.

Ó wá ku yàrá ìwé àfọwọ́kọ. Kúnlé ní kí a ya àwòrán gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ̀rọ kà á, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè máa béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Bùkọ́lá yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó ní kò sí ohun tó dí wa lọ́wọ́, kò sí àdéhùn kankan lórí èyíkéyìí nínú wọn. Wọ́n ti ń wá ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ohun tí rédíò ṣe sí ilé kan ni ẹ̀rọ yìí yóò ṣe sí gbogbo ilé tó fọkàn tán wa, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, orúkọ tí mo ti ń kọ́ láti ìgbà ọmọdébìnrin yóò wó lójú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

"Àdéhùn wà," mo ní. "Ẹ̀yìn káàdì ló wà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dà á kọ, èmi náà ni mo ní kí wọ́n sun ún. Bàbá Fáníyì kò gbàgbé ohunkóhun."

Bùkọ́lá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ kí a tó tan ẹ̀rọ." Ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa, ó ní ìwé kankan kò ní í jáde níbẹ̀ títí a ó fi lọ bá àwọn tó ni wọ́n.

Oṣù mẹ́rin la fi ń rìn láti agbo ilé dé agbo ilé. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe. Àwọn kan bú mi, mo gbà á. Àwọn kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé bàbá wọn kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n ń dì mọ́ mi. Àdéhùn tuntun la gbà, kọ̀ǹpútà sì ti ní àyè fún un báyìí. Ọ̀pọ̀ ilé ní kí ẹ̀rọ kà á, ilé kan ní Òkè-Ogbò tún kó àpótí ìwé méjì kún un. Èyí tí wọ́n bá ní kí a má fi hàn án, a kò fi hàn án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀rọ kò lè wọ agbo ilé lọ jẹ obì. Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ì bá ṣe pé mo jẹ́ ẹgbẹ́ yín.

Màmá Àdùkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, kò sì bú mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní Bàbá Fáníyì kú pẹ̀lú ẹ̀sùn yẹn lọ́rùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní ìwé bàbá òun kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ, àti pé òun fúnra òun ń bọ̀ wá gbé e lọ.

Ọjọ́ tí a ṣí ẹ̀rọ náà fún àwọn òǹkàwé láti fi dán an wò ni Màmá Àdùkẹ́ dé, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bùkọ́lá ti lẹ ìwé mọ́ ara tábìlì pé ẹ̀rọ ló ń dáhùn, ó lè ṣì, kí oníbèéèrè lọ wo ìwé fúnra rẹ̀, ó sì kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n máa fẹjọ́ sùn sí i. Gbogbo wa mọ̀ pé bí kò bá ṣe dáadáa láàárín oṣù mẹ́fà, a ó pa á. Màmá Àdùkẹ́ kò kí mi. Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ní kí Bùkọ́lá bi í bí bàbá bàbá òun ṣe dé Òkèrèwè.

Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé òun kò ní ìdáhùn nínú àwọn ìwé tí a fi sí ìkáwọ́ òun, kí ó jọ̀wọ́ bi òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tàbí àwọn ará ilé náà. Bùkọ́lá kà á sí i létí. Màmá ní kí wọ́n bi í lọ́nà mìíràn. Ìdáhùn kan náà. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé òun ti gbọ́ ọ lórí rédíò, kó kàn jẹ́wọ́. Ẹ̀rọ náà ní òun kò mọ̀. Màmá yí ojú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ifẹ̀ ló ń sọ, mo kàn tún un kọ kí gbogbo yín lè gbọ́ ọ.

"Ó ní kí n bi ará ilé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi ni ará ilé. Títí, gbé ìwé bàbá mi wá."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá. Mo rò pé yóò tì í sínú àpò, kó máa lọ. Ó ṣí i, ó fi ìka wá ojú ewé kan, ó ní kí n kà á sókè nítorí ojú òun kò ríran mọ́. Ojú ewé tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n kà lórí rédíò ni. Mo kà á. Bàbá bàbá rẹ̀ kò dá nìkan dé nígbà ogun. Ó rí ọmọ ilé náà kan tó sọnù sínú igbó, ó pọ̀n ọ́n, ó rìn títí ó fi gbé e délé. Àgbà ilé sì wí pé ẹni tó pọ̀n ọmọ wa wálé, ọmọ wa ni.

Màmá Àdùkẹ́ na ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀rọ náà.

"Rédíò sọ pé àlejò ni," ó ní. "Wọn ò sọ ti ọmọ tó pọ̀n wálé. Títí, mo jókòó tì ọ́ báyìí, bí àdéhùn wa ṣe wí. Kọ́ ẹ̀rọ yẹn ní ojú ewé méjèèjì."